Láti Ṣàngó Toll Gate dé Accra

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ṣàngó lónìí tí ó sì béèrè Toll Gate, kíákíá ni a ó fi ibẹ̀ hàn án. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí a fi ibi tí a ti ń san owó bodè náà han òun, kò sí ẹni tí yóò lè fi hàn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni Ìjọba Àpapọ̀ fi òpin sí irú owó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ nìkan ni ó kù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń rọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ gbogbo, tí oníbúrẹ́dì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, tí àwọn agbèrò sì ń ké Ìyànà-Ìpájà, Abẹ́òkúta, Ìdí-Ìrókò. Àdúgbò yìí ni ọ̀nà gbé pín: ọ̀kan lọ sí Èkó, ọ̀kan sí Abẹ́òkúta, ẹ̀kẹta sì gba Ọ̀tà ilẹ̀ Àwórì kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò. Nítorí ọ̀nà kẹta yìí ni a ṣe mú gègé.

Akọ̀wé ni wá ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kan ọ̀gá wa, tí a jù lọ ní ọjọ́ orí, pè wá, ó ní: “Bàbá Akọ̀wé, ẹ bá mi to ìrìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ rí àwọn oníbàárà wa ní Kútọnu, ní Lómé àti ní Accra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí àyè gbá gọ́ọ̀fù ní Achimota.”

Gọ́ọ̀fù ni eré tí a ń fi igi lu bọ́ọ̀lù kan, tí kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ihò 18 ni odindi eré, igi tí ènìyàn lè gbé kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ní ọdún 1457 àwọn aṣòfin ilẹ̀ Scotland fi òfin dè é, nítorí kò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wọn kọ́ ọfà títa. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Achimota ti wà láti ọdún 1934. Eré náà lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn oníṣòwò sì ti ń rìn lórí pápá ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí a kì í rí àyè sọ nídìí tábìlì.

A kò ní fi ẹ̀bi wa pamọ́. Ní ìrìn kan tí a ti tò rí, a rántí gbogbo ìwé ọ̀gá, a sì gbàgbé ti awakọ̀. Nígbà tí wọ́n dé bodè, a béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní. Ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀. Oníbàárà tí ń retí wọn sì ti bá ẹlòmíràn dọ́wọ̀ọ́ pọ̀. Awakọ̀ ni gbogbo ènìyàn bínú sí, wọ́n sì fẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òru mẹ́ta ni a kò fi rí oorun sùn. Ní ọjọ́ kẹrin a lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé àwa ni a ṣì í. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ni ó ní: “Ẹ ṣeun tí ẹ wí. Ẹ̀yin náà ni ẹ ó to èyí tí ó kàn.”

Nítorí náà a fi ìbẹ̀rù tò ó. Láti inú àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ ilẹ̀ wa lè wọ ilẹ̀ wọ̀nyí fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣàì mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn ni a gbọdọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ náà. Láti ọdún 2016 ni a sì ti gbà pé ó tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ọkọ̀ pẹ̀lú ní ìwé tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní Brown Card. Bodè Ìdí-Ìrókò fúnra rẹ̀ ti tì rí láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kẹrin ọdún 2022; ó yẹ kí a máa wádìí kí a tó gbéra.

Ọ̀nà náà gba Ìgólò àti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, ó gba Hilla-Condji dé Lómé, ó sì gba Aflao dé Accra. Owó CFA kan náà ni a ń ná ní Kútọnu àti Lómé, ṣùgbọ́n sídì ni ti Gánà. Bí aago mẹ́wàá bá lù ní Ṣàngó, mẹ́wàá náà ni ní Kútọnu, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ni ní Lómé àti Accra. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò dé ilé oníbàárà kí onítọ̀hún tó jí.

Ọ̀gá fẹ́ kí gọ́ọ̀fù wà láàárín ọ̀sẹ̀. A kò gbà: a ní kí iṣẹ́ parí ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, a dúró ní Toll Gate láti sìn wọ́n. Igi gọ́ọ̀fù wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó yà sí ọ̀nà Ọ̀tà, awakọ̀ na ọwọ́ jáde, ó gbé káàdì rẹ̀ sókè, ó ní: “Bàbá Akọ̀wé, ó wà lọ́wọ́ mi o!”

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń to ìrìn fún ẹlòmíràn, ẹ má ṣe ka orúkọ ọ̀gá nìkan. Ẹ ka ti gbogbo ẹni tí yóò jókòó nínú ọkọ̀.