Èrò Mẹ́fà, Owó Epo Kan

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ takisí n'Ílọrin ti wakọ̀ rí nígbà tí gbogbo Nàìjíríà ń gba ọwọ́ òsì títì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní àwọn àgbà awakọ̀ ló kọ́kọ́ dà rú.

Nígbà tí èmi náà gba ọkọ̀, iṣẹ́ wa kò ju ká pe èrò ní Post Office lọ sí Ọjà Ọba, Sango tàbí Tanke. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ́dún 1994 ló yí i padà. Láti oṣù keje wọ oṣù kẹsàn-án, ilé epo gbẹ táútáú. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá, lítà epo tí a ń rà ní náírà 3.25 ti di náírà 11.

Àwọn nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ládùúgbò wa bá dáwó jọ kí n lè máa gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á sanwó ṣáájú, èmi á gbé jẹrikéènì lọ wá epo bẹ́ńtóòlù. Ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Ẹni tó bá tín-ín-rín jù ni yóò há sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, á sì máa yẹ orúnkún fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ki í. Ẹni tó bá pẹ́, owó rẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Alhaja kan wà láàárín wọn tí kì í gba gbẹ̀rẹ́: "Alfa, ẹ máa wa ọkọ̀ yín, ẹ má wẹ̀yìn!" Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń fi fóònù pe ara wọn wọ ọkọ̀ kan náà rò pé àwọn ló dá a sílẹ̀.

Lọ́dún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà tí kò tó 200 náírà kọjá 500. Ní oṣù kẹfà, ìjọba Kwara dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn èrò mi tó ń sanwó lóṣooṣù ní kí n yọ owó ọjọ́ méjì náà. Ẹ̀tọ́ wọn ni, mo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló yọ nǹkan kan fún awakọ̀? Mẹkáníìkì kò dín owó, ẹni tó ń ta táyà náà kò dín.

Ibi ìdúró ló wá burú jù. Ká já èrò sílẹ̀ lásán ní àárọ̀, wọ́n á ti máa lé wa. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ sàmì sí ibì kan fún wa nítòsí ọ́fíìsì ìjọba, ká lè já àwọn òṣìṣẹ́ yín sílẹ̀ láìsí ìjà.