Ilẹ̀kùn Ògògà ti wà nílùú Òyìnbó, Olósùnta ṣì wà ní Ìkẹ́rẹ́: Ohun tójú ń rí ní Èkìtì kò kéré o

Ẹni tó bá sọ pé kò síbi téèyàn lè gbafẹ́ lọ ní Èkìtì ju ilé oníyán lọ, onítọ̀hún ò tí ì yà kúrò lórí títì ni. Ojoojúmọ́ lọkọ̀ ń já èrò sí Adébáyọ̀ l'Ádó-Èkìtì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sáré lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ọkọ̀ Ìwòròkó, tí ọlọ́kadà ń fọn fèrè létí wọn. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé láàárín ọjọ́ méjì péré, ẹni tó bá gbéra níbẹ̀ lè fojú rí ìtàn ọba, ìtàn ogun, ìtàn òrìṣà àti ti ìjọ Ọlọ́run, kó sì tún padà wálé wá sùn.

Inú Adó gan-an ló yẹ kí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ààfin Èwí ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ìtàn ìlú sọ pé Elésùn ló ń jọba níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá àpáta Ọlọ́ta, kí Awámarò tó kó àwọn èèyàn tiẹ̀ dé, tó ṣẹ́gun Elésùn, tó sì fìdí Adó múlẹ̀. Látìgbà náà ni Èwí ti ń jẹ Èwí. Ọba Dáníẹ́lì Aládésanmí Kejì lo ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lórí ìtẹ́ yìí, láti 1937 di 1983. Ọba Rufus Adéyẹmọ Adéjùgbé, Aládésanmí Kẹta, gorí ìtẹ́ lọ́dún 1990.

Láàárín ìgboro kan náà ni wọ́n ti ń rántí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun àkọ́kọ́ nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Adó ni. Ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 1966, àwọn ṣọ́jà wá mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, tó jẹ́ àlejò Fájuyì n'Íbàdàn. Ìtàn táwọn èèyàn mọ̀ ni pé Fájuyì ò yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àlejò rẹ̀. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n. Ẹni tó bá ń wọkọ̀ kọjá ní Fájuyì l'Ádó lójoojúmọ́, tí kò mọ̀ pé orúkọ ẹni tó kú ikú àlejò ni wọ́n fi ń pe àdúgbò náà, kó yáa lọ wo ère ọkùnrin náà dáadáa.

Láti Adó, títì Àkúrẹ́ ló lọ sí Ìkẹ́rẹ́, kò sì jìn rárá. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti fẹ́ dùn, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ dunni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó jẹ́ agbẹ́gilére ọba Arínjalè, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti àwọn òpó sí ààfin Ògògà láàárín ọdún 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn yìí, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, òyìnbó aláṣẹ ń bọ̀, àwọn èèyàn ló gbé e rù, àfi bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá wò ó á mọ ẹni tí Ọlọ́wẹ̀ kà sí àgbà nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn British Museum rí i, ojú wọn ò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà ní òun ò tà. Nígbà tó yá, wọ́n jọ gbà pé kí àwọn òyìnbó ṣe àga ọba ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n sì máa mú ilẹ̀kùn náà lọ. Báyìí ni àga ṣe wá, tí ilẹ̀kùn lọ, tí kò sì padà mọ́. Ọ̀kan lára àwọn òpó ààfin náà ti wà ní Chicago, l'Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ti Bìní. Ogun ni wọ́n fi kó ti Bìní lọ lọ́dún 1897, ìdí nìyẹn tí Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà lọ́dún 2022. Ti Ìkẹ́rẹ́, pàṣípààrọ̀ ni. Ta ló máa wá sọ pé wọ́n jí i? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: àga tí káfíńtà lè kàn tó mìíràn, àti iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ tó kú ní 1938, èwo ló wúwo jù?

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé lọ ní Ìkẹ́rẹ́ ni Olósùnta. Àpáta ràgàjì ni, èèyàn á ti máa rí i kó tó wọ̀lú. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀, Olúkẹ́rẹ́ ló sì ń ṣáájú ètùtù. Àbò ìlú ni wọ́n kà á sí, àwọn tó ń wá ọmọ náà sì ń tọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà kejì, á kọjá ní Ìyìn, ìlú Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ tó gba ipò Fájuyì lẹ́yìn ikú ẹ̀, á kọjá ní Ìgèdè àti Arámọ̀kọ, á wá yà sí Èrìjìyàn kó tó dé Ìkògòsì. Níbẹ̀ ni omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n pàdé, tí wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Àwọn àgbà ní ìyàwó ọdẹ kan làwọn méjèèjì, pé èyí tó gbóná lára ló di omi gbígbóná. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní omi òjò ló wọ inú àpáta tó sán lọ jìnnà, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ yá a, tó tún gòkè padà. Kì í ṣe omi tó ń hó o, bí ooru ara èèyàn ló ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni-ọ̀wọ̀ John McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ tún ibẹ̀ ṣe ní 1952.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ò jìnnà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí lọ́dún 1959, ẹni tó fi iṣẹ́ katapílà tó ń wà sílẹ̀, tí ìsọjí rẹ̀ sì mi ilẹ̀ Yorùbá ní 1930. Òkè-Imẹ̀sí náà wà lágbègbè yẹn, ìlú Fábùnmi tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lọ́dún 1878, tí ogun Kírìjì fi gbóná girigiri, tí kò sì tán pátápátá títí di 1893.

Àwọn kan á ní onígbàgbọ́ làwọn, pé kí ni àwọn fẹ́ lọ wò nídìí Olósùnta. Wíwò kì í ṣe bíbọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè jí, kó wọ bàtà tó ṣeé rìn, kó béèrè iye tí wọ́n ń gbà kó tó wọlé, kó má sì dá gun àpáta láìmú ọmọ ìlú dání. Tó bá dé ààfin, kó ṣí fìlà, kó gbàṣẹ kó tó ya fọ́tò.

Kí kálukú mú ọmọ rẹ̀ dání o. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fojú kan ilẹ̀kùn Ògògà lónìí, físà ló máa kọ́kọ́ wá. Ẹni tó fẹ́ wo Olósùnta, owó mọ́tò láti Adó ti tó o.