Ọ̀pẹ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Ìbìní

Bí ìrìn àjò bá gbé yín gba ọ̀nà Àkúré lọ sí Ìbìní, tí ẹ ti fi Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n sẹ́yìn, ẹ má ṣe sùn nínú ọkọ̀. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé Oluku, níbi tí ọ̀nà náà ti pàdé ti Èkó, ẹ ti wà ní àdúgbò Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀pẹ ti Nàìjíríà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní NIFOR. Ọdún 1939 ni ìjọba amúnisìn dá a sílẹ̀. Ní 1964 ni ó di NIFOR.

Kò sí ilé Yorùbá tí kò mọ oore ọ̀pẹ. Yàtọ̀ sí epo ọbẹ̀, ẹ rántí àdín tí àwọn ìyá wa ń yọ lára èkùrọ́, tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wa bí ó ti rí lónìí.

Ẹ ó ti gbọ́ ọ pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ará Màléṣíà ti kó èkùrọ́ lọ, tí wọ́n sì fi di ọlọ́rọ̀. Àlùkùránì pàṣẹ fún wa pé kí á máa wádìí ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí á wádìí èyí. Ní 1848, igi ọ̀pẹ mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sí ọgbà kan ní Bogor, ní erékùṣù Java. Lára ìran àwọn igi wọ̀nyí ni oko ọ̀pẹ Sumatra àti ti Màléṣíà ti ṣẹ̀. Nígbà tí Màléṣíà dá oko ọ̀pẹ ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1917, NIFOR kò tíì sí láyé.

Kí ni wọ́n wá ṣe nígbà náà ní 1973? Ọmọ ìyá kan náà pọ̀ jù nínú oko wọn. Ìran tí ó ti inú igi mẹ́rin jáde kò lè ní ju ohun tí mẹ́rin náà fi sílẹ̀ lọ, àrùn tí ó bá sì rí ọ̀nà pa ọ̀kan lè pa ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n bá NIFOR ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n dé ibi 45 ní Nàìjíríà, wọ́n sì kó ìdì ẹyìn 919 jọ lórí ọ̀pẹ igbó, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Wọ́n gbin ọmọ wọn sí Kluang ní Màléṣíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tí kì í tètè ga, tí a lè kọ fún ọdún púpọ̀ láì fi igbà gùn ún; wọ́n sì rí èyí tí òróró rẹ̀ kì í tètè dì.

Èkùrọ́ kọ́ ni wọ́n ṣaláìní, ẹ̀yin ènìyàn mi. Onírúurú ni wọ́n wá. Nínú Súrátù Ra‘d, ẹsẹ 4, Ọlọ́hun tọ́ka wa sí àwọn ọgbà tí omi kan náà ń bomi rin, síbẹ̀ tí èso wọn kò dọ́gba. Àmì ni fún àwọn tí ó ní làákàyè.

Ẹ wá wo ọ̀nà tó kù kí ẹ wọ ìgboro. Láti Oluku dé Ugbowo, ilé ti gba ipò igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Nígbàkígbà tí a bá gé ọ̀pẹ igbó tàbí tí a dáná sungbó, ó lè jẹ́ èyí tí irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn ni a pa. Ẹ gbin irúgbìn tí NIFOR tún ṣe, nítorí ó ń mówó wọlé. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pẹ igbó ni àwọn onímọ̀ ti ń wá àbùdá tí irúgbìn ọ̀la yóò nílò. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, ẹ dá díẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé sàráà ni igi tí Mùsùlùmí gbìn, bí ènìyàn tàbí ẹyẹ bá jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ gbìn fún wa ńkọ́? Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa pa ìdẹ̀ra àwọn ọmọ wa. Àmín.