Láti inú àgọ́ bọ́ sí ilé onítáyà

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn àtimáa kó àwọn ọmọ lọ sùn nínú igbó, lábẹ́ àgọ́. Mo bá wọn lọ. Òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù rinrin, àbúrò, ọmọ ọdún 2, wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì fẹ́ tọ̀ lóru, ká máa wá bàtà, ká máa wá tọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ti wá ra tírélà. Kì í ṣe tírélà sìmẹ́ńtì o! Yàrá kékeré onítáyà ni, mọ́tò ló ń fà á. Ibùsùn, sítóòfù, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń sùn dáadáa.

Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí wọ́n jókòó sínú ẹ̀ lójú títì. Wọ́n sunkún, mi ò gbà. Inú mọ́tò ni ọmọ ń jókòó, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ẹrù náà, ẹ má kó o sẹ́yìn jù: bí tírélà bá wúwo tó 1,000 kílò, 100 sí 150 ló yẹ kó tẹ ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ mọ́tò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á máa fì sọ́tùn-ún sósì.

Àlọ́ abẹ́ àgọ́ nìkan ló ń wù mí. Fóònù ni wọ́n ń wò báyìí.