Irin Kékeré tí Ẹ̀mí Rọ̀ Mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun kékeré kan wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òwe yìí bá mu régí. Kò gùn tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà, ó sì máa ń fi ara pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Òun ni irin alálọ́ tí ó so ìgbànú ààbò mọ́ ara ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní boulon. Láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, láti Ṣàkẹ́tẹ́ dé Àjàṣẹ́, ọkọ̀ àtijọ́ wà lójú ọ̀nà tí ìgbànú wọn ṣì wà ṣùgbọ́n tí irin yìí ti sọnù. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ọkọ̀ Peugeot 505 break kan ni ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Bàbá Awakọ̀, ni ó fi í kó èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún láàrin Kétu àti Àjàṣẹ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ìdílé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìjókòó ẹ̀yìn láti gbá abẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ńṣe ni àwọn ìgbànú ibẹ̀ kàn sùn sílẹ̀. Irin ìdí wọn kò so mọ́ ohunkóhun. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá fẹ́ kó àpò àgbàdo àti gàrí, wọn a tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kí àyè lè gbà. Ìgbànú a máa dí ẹrù lọ́wọ́, wọn a tú òun náà. Boulon rẹ̀, nítorí pé irin tó dára ni, wọn a mú un lọ de nǹkan mìíràn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣe ń pàdánù rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi.

Lásìkò yẹn gan-an ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Bàbá Awakọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú ní Àjàṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ̀yìn ni yóò máa jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjì. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ kò ní í jáde títí ìgbànú ẹ̀yìn yóò fi dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: «Ọmọ mi, ní gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ yìí láìde ìgbànú, ta ló ń ṣọ́ mi bí kò ṣe Ògún?» N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan kò yára lójú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọlu ohun tí kò yẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó ga ní mítà 10 ni ó rí fún ẹni tí kò de ìgbànú. Àwọn tí ń gun ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Pọ́bẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi igbà yí ara wọn àti igi ká. Igbà ni ìgbànú ọkọ̀. Kò sì sí agunpẹ tó gbọ́n tí yóò wo ara igbà nìkan kí ó tó gòkè. Ibi tí igbà ti so pọ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí pé bí ibẹ̀ bá tú, igbà tuntun àti igbà ògbólógbòó di ọ̀kan náà.

Ẹrù tí ibi ìsopọ̀ yìí ń gbà kò kéré. Bí ọkọ̀ tí ń sáré 50 kìlómítà bá dúró lójijì láàrin ìwọ̀n ìdajì mítà, ara ẹni tí ó jókòó nínú rẹ̀ yóò fa ìgbànú pẹ̀lú agbára tí ó tó ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí ó wọn 70 kìlógíráàmù yóò fà á bí ẹrù tí ó wọn 1400 kìlógíráàmù, èyí tí ó tó odindi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Àwọn tó ń ṣe òfin ọkọ̀ mọ èyí. Òfin kẹrìnlá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọkọ̀, tí ó jẹ mọ́ ibi ìsopọ̀ ìgbànú, bèèrè pé nígbà àyẹ̀wò, kí a fi agbára tí ó ju ìwúwo 1300 kìlógíráàmù lọ fa apá òkè ìgbànú, kí a sì fi irú rẹ̀ fa apá ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Boulon mẹ́ta péré ni ó ń di gbogbo rẹ̀ mú.

Ìgbànú tí a ń lò lónìí, tí ó gba èjìká kọjá tí ó sì gba ìbàdí kọjá, Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó ṣe é fún ilé iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959. Ilé iṣẹ́ náà kò fi ọgbọ́n yìí há ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gba àwọn ilé iṣẹ́ yòókù láyè láti ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1973, ilẹ̀ Faransé sọ ọ́ di dandan fún àwọn tí ó bá jókòó níwájú ọkọ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, sọ pé dídè é lè dín ewu ikú kù títí dé ìdajì. Ṣùgbọ́n gbogbo àǹfààní yìí, orí ìgbànú tí ó so mọ́ ọkọ̀ ni ó dúró lé. Aṣọ lásán ni èyí tí kò so mọ́ nǹkan kan; ó lè tan ọlọ́pàá ojú ọ̀nà jẹ, kò lè tan ìjàm̀bá jẹ.

Mẹkáníìkì tí mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ní agolo kan tí ó kún fún boulon oríṣiríṣi. Ó mú ọ̀kan, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, èyí yóò wọlé.» Mo ní: «Àbúrò, wíwọlé lọ́tọ̀, dídìmú lọ́tọ̀.» A jókòó, a sì yẹ̀ ẹ́ wò papọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àní àwọn tí gbogbo irin wọn yòókù jẹ́ ti mílímítà, ihò ìgbànú jẹ́ ti ìwọ̀n ínṣì. Wọ́n ń kọ ọ́ báyìí: 7/16-20 UNF. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbú rẹ̀ jẹ́ 7/16 ínṣì, ìlà tí a lọ́ sí i lára sì jẹ́ 20 nínú ínṣì kan. Èyí lé díẹ̀ ní mílímítà 11. Ibẹ̀ ni ewu wà. Boulon mílímítà 10 yóò wọlé wẹ́rẹ́, yóò sì dàbí ẹni pé ó dúró. Ṣùgbọ́n etí ìlà rẹ̀ lásán ni ó kan ti ihò, ọjọ́ tí a bá sì fà á gidi ni yóò já jáde. Ti mílímítà 12 tóbi jù. Bí a bá fi ipá wà á wọlé, yóò jẹ ìlà ihò náà run. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ti ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó tú boulon ìgbànú kan tí ó ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé gbogbo ọkọ̀ kò rí bákan náà.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni líle. Orí boulon ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà. Lórí ti mílímítà, a máa rí nọ́ńbà bíi 8.8 tàbí 10.9, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni irin náà ṣe le tó. Lórí ti ínṣì, ìlà kéékèèké ni a fi ń mọ̀ ọ́n: ìlà mẹ́ta dára, ìlà mẹ́fà le jù ú lọ. Èyí tí orí rẹ̀ ń dán láìsí àmì kankan, ibùsùn àti àga ni kí a fi í dè. Ojúlówó boulon ìgbànú tún máa ń ní ọrùn tó sanra tí kò ní ìlà, kí irin ìdí ìgbànú lè máa yí lára rẹ̀ láìsí pé ó há. Nítorí náà a kò lo ti inú agolo. A lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù, a rí irú 505 kan náà tí kò ní ìjàm̀bá rí, a sì ra boulon rẹ̀ pẹ̀lú rondelle tí ó bá a rìn. Èyí tí ó bá ti inú ọkọ̀ tó fọ́ wá, bóyá boulon bóyá ìgbànú, kò yẹ ní rírà, nítorí pé ó lè ti gba ẹrù tirẹ̀ tán.

Kí mẹkáníìkì tó dè é, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ìpẹtà inú ihò, ó kán epo sí i. Ọwọ́ lásán ni ó kọ́kọ́ fi yí i wọlé. Bí boulon kò bá gba ọwọ́ lásán ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a dúró. Kì í ṣe ìgbà yẹn ni à ń wá kọ́kọ́rọ́ ńlá. Ó wo pẹpẹ irin tí ó wà nísàlẹ̀ ihò bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ ló kàn, kì í ṣe ti boulon mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lu ihò tuntun sí ara páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Yóò ya bí ìwé. Nígbà tí ó fún un le gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ náà ti wí, a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìgbànú kò lọ́, bóyá irin ìdí rẹ̀ sì ń yí fàlàlà.

Ọ̀kan ṣẹ́kù nínú àwọn boulon tí mo rà. Mo mú un lọ fún Bàbá Awakọ̀. Ó fi àtàńpàkò wá orí rẹ̀, ó ń ka àwọn ìlà náà nítorí pé ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ní: «Mẹ́fà ni.» Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: «Irin nìyí.» Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé apá wo ni wọ́n ti ń de ìgbànú náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé èmi àti bàbá kò yàtọ̀ nípa Ògún. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa kò fi irin kan náà rọ ohun gbogbo. Wọ́n mọ èyí tí yóò di ọkọ́ àti èyí tí yóò di àdá tí kò ní í ká. Mímọ irin yàtọ̀ síra wọn jẹ́ ara ìsìn Ògún. Ẹni tí ó fi irin búburú so ọmọ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, tí ó wá ń ké pe Ògún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń tako àdúrà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra ọkọ̀ àlòkù tí ó gba èbúté Kútọnu wọlé, ẹ mọ bí a ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹ sì mọ bí a ti ń wo táyà. Ní ìlú wa, ìyá, ọmọdé àti arúgbó ni ó sábà máa ń jókòó lẹ́yìn, wọn kò sì ní béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ wọn. Kí ẹ tó san owó, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí ìgbànú ti so.