Ẹnu Jọ Ẹnu, Ọ̀rọ̀ Kò Jọ Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí ṣájà fóònù kan já mi kulẹ̀ ní Odigbo ni ó tó yé mi pé kí nǹkan méjì jọra kò ní kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo fẹ́ gba oríkì ìdílé ìyá mi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. Màmá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ń gbé ní Odigbo, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ore ni mo ti rántí pé mo gbàgbé ṣájà mi sí ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá mọ Ore mọ̀ pé ìkòríta ńlá ni, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Benin. Ọkọ̀ kì í tíì dúró tán tí àwọn tí ń kiri ọjà yóò fi yí i ká. Mo ra ṣájà kan lọ́wọ́ wọn. "65W" ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Mo ki ẹnu okùn rẹ̀ bọ fóònù mi, ó wọlé wẹ́kú, mo sì sanwó.

Kò sí iná ní Odigbo lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò Màmá ní wákàtí kan péré ni òun lè fi tan jẹnẹrétọ̀ òun, nítorí owó epo. Fóònù mi ku ìdá 8 nínú 100. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí ní ilé-ìwé, wákàtí kan a máa mú un kọjá ààbọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, ìdá 25 ni mo bá níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò bẹ́ẹ̀ náà. Màmá ki baba, ó ki ìyá, ohùn rẹ̀ ń ròkè; ó wá kan orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí ní ilé wa. Ibẹ̀ ni bátìrì tí ó ti gbó díẹ̀ náà kú sí.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un kì, kí n fi bírò kọ ọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, oríkì kì í ṣe ìwé tí à ń ṣí padà sẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ mí. Ó di ìgbà mìíràn." Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbéra.

Ní Ore, mo mú ṣájà náà lọ bá ọmọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi páálí sílẹ̀, kí n ka lẹ́tà wínníwínní ara ṣájà fúnra rẹ̀. Mo ka 5V, 1A. V ni agbára tí ó ń ti iná, A ni ìwọ̀n iná tí ń ṣàn, bí omi inú páìpù. 5 lọ́nà 1 jẹ́ 5: wáàtì 5 ni mo rà, kì í ṣe 65. Èyí tí mo gbàgbé sí ilé-ìwé jẹ́ 9V, 2A, ìyẹn wáàtì 18. Bátìrì 5000 mAh bíi tèmi ń gba nǹkan bí wáàtì 19 fún odindi wákàtí kan kí ó tó kún. Wáàtì 5 yóò lo ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí rẹ̀.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ṣájà àti fóònù a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá so wọ́n pọ̀, 5V ni ṣájà kọ́kọ́ ń gbé jáde, bí ẹni ń kí ni. Lẹ́yìn náà ni yóò ka ohun tí ó ní: 9V, 15V, 20V. Fóònù yóò sì mú èyí tí ó bá a lára mu. Bí wọn kò bá gbọ́ èdè ara wọn, ìdí 5V náà ni wọn yóò wà. Nítorí náà, ojúlówó ṣájà 65W kì í ba fóònù kékeré jẹ́, nítorí ẹni tí ń gbà ni ó ń bu ìwọ̀n tirẹ̀. Ayédèrú tí ń gbóná janjan ni kí a sá fún. Qualcomm gbé èdè Quick Charge jáde ní 2013, OPPO gbé VOOC jáde ní 2014. USB PD sì ni èdè àjùmọ̀lò. Okùn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: okùn USB-C lásán kì í gbé ju wáàtì 60 lọ.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá? Nígbà kan, olúkúlùkù ń kọ èdè wa bí ó ti wù ú. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Ọdún 1974 ni ìjọba tó fọwọ́ sí èyí tí à ń lò lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni ti ṣájà. USB-C jáde ní 2014, ṣùgbọ́n 2023 ni Apple tó fi í sí ara iPhone. Láti ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, 2024, òfin European Union ti sọ ọ́ di dandan fún fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn. Òfin náà kò sì fi mọ sí ẹnu nìkan: fóònù tí ó bá ń gbà ju wáàtì 15 lọ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè PD pẹ̀lú. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹnu lè jọ ẹnu, kí ọ̀rọ̀ má jọ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń lọ gba ohùn àgbà sílẹ̀, ẹ ka lẹ́tà wínníwínní kí ẹ tó sanwó. Nígbàkígbà tí mo bá pe Màmá, wọ́n a bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ rẹ ti jẹun yó?" Mo a ní, "Ó ti yó, Màmá." Ṣájà tí ó tọ́ ti wà nínú àpò mi. Kí n bá Màmá lókè eèpẹ̀ ni àdúrà mi.