Orúkọ Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Bi Wá

Kí ilé iṣẹ́ tó gba ọ̀nà Ilo-Awela, oko ni a mọ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwa ọmọdé a fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Ọ̀tà, torí lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ni alàgbà kátíkísì máa ń kó àwa tí a fẹ́ gba ìgbọ́wọ́lé jọ. Ìgbàgbọ́ ti pẹ́ ní Ọ̀tà. Láti 1854 ni James White, ọmọ Sàró tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán wá, ti ń wàásù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà wa ló sì mọ Kátíkísímù, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn ìgbàgbọ́, lórí láìmọ ìwé kà.

Títí dòní ni ìwé kékeré yẹn ń yà mí lẹ́nu. Kò bi ọmọ léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Orúkọ ló kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà ẹni tó sọ ọ́. Ọmọ á ní baba àti ìyá ìsàmì òun ni, lọ́jọ́ tí òun di ti Kristi, tí Ọlọ́run gba òun lọ́mọ, tí ìjọba ọ̀run sì di ogún òun. Ìgbà tó bá dáhùn èyí tán ni wọ́n tó kọ́ ọ ní Òfin Mẹ́wàá. Màmá àgbà mi, tó máa ń ki mi ní oríkì kí n tó bọ́jú láàárọ̀, kò rí ohun àjèjì kankan níbẹ̀. Ó ní ẹni tí kò mọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe, ibi tí ayé bá tì í sí ni yóò jókòó sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Sango àti Ọ̀tà, oko wa náà sì lọ. Mo gba iṣẹ́ lébírà ní ọ̀kan nínú wọn. Nọ́mbà ni wọ́n kọ sára káàdì tí a fi ń wọlé. Òun ni fọ́mànù fi ń pè wá, òun ni wọ́n fi ń sanwó. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ mú ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́wọ́. A gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mú bírò, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Àwa tí a gbé e wá ń wo ojú ara wa. Nọ́mbà rẹ̀ nìkan ni a mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló lanu, ó pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó fi ti ìsàmì kún un, ketekete, bí ẹni tó dúró níwájú alàgbà kátíkísì.

Láti 1999 tí wọ́n ti ṣí ilé ìjọsìn Faith Tabernacle, tó gba 50,000 ènìyàn, ní Canaanland ní Ọ̀tà wa níbí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kí mi kì í yéé béèrè ohun tí Ọlọ́run dá àwọn fún. Ìbéèrè tó dára ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn rò pé ọkọ̀, ilé àti ipò ni ìdáhùn rẹ̀, pé ẹni tó ń ru àpò sínú tírélà ní Toll Gate kò tíì bẹ̀rẹ̀ ayé. Kátíkísímù ti dá wa lóhùn: ká fẹ́ Ọlọ́run, ká fẹ́ ọmọnìkejì wa, ká fi òtítọ́ ṣiṣẹ́ jẹun, ká sì ṣe ojúṣe wa níbi tí Ọlọ́run bá pè wá sí. Àwọn kan a máa fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ fún tálákà pé kó jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀. N kò gbà. Ọlọ́run ni ìwé náà ní yóò pe ènìyàn, kò dárúkọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kankan, Ọlọ́run sì lè pè é síwájú lọ́la. Ṣùgbọ́n kí ọ̀la tó dé, ọmọ Ọlọ́run ni ẹni tó ń ru àpò lónìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ọmọ wa tó ti di sùpáfáísọ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí pé kí wọ́n mọ orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa fi pè wọ́n.